Ìkéde Lórí Nọ́tímẹ́ẹ̀gì Tó Wọ Ògì Ọba

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ẹ̀yin ará Ìlápò, ẹ gbọ́ o!

Baálé ilé, ẹ gbọ́! Ìyàwó ilé, ẹ gbọ́! Ẹni tó bá ń sùn, ẹ jí i! Ẹni tó bá wà ní balùwẹ̀, kó dúró síbẹ̀, kó máa fetí gbọ́. Ìhòòhò kò dí etí!

Èmi Àkàngbé Akígbe ni mo dé. Ẹ má bínú sí agogo mi. Mo mọ̀ pé ó ń dún bí ẹni tí ikọ́ ń ṣe. Láti ọjọ́ Àìkú ló ti ń dún bẹ́ẹ̀. Nǹkan há sí i nínú. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ ná.

Mo ti ké e ní Òkè-Ọjà. Mo ti ké e ní Ìsàlẹ̀-Odò. Mo ti ké e ní iwájú mọ́ṣáláṣí àti ní ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ojúde ilé Akígbe, ilé tiwa, ni mo fi gbẹ̀yìn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń tẹ̀lé mi bọ̀ láti ọjà nítorí pé ẹ fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ ṣe sùúrù. Ẹ̀rín ṣì kù.

Ẹnu Ọlápò ni mo mú wá! Ọlápò, ọba wa, tí ara wọn ti yá, tí wọ́n ti tún mọ orúkọ ara wọn, ní kí n kí yín. Wọ́n ní kí n sọ fún yín pé àwọn kò ya wèrè. Wọ́n ní kí n tún un sọ. Kábíyèsí kò ya wèrè! Wọ́n ní kí n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, mo ní Kábíyèsí, ohun téèyàn bá sọ lẹ́ẹ̀mẹta làwọn èèyàn máa ń fura sí. Wọ́n ní ó dáa, kí n fi mọ sí méjì.

Ògì ni! Ògì ló fà á!

Ẹ jẹ́ kí n là á yé ẹni tó wà ní oko lọ́jọ́ Àìkú, tó wá dé tó bá ìlú tó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Gbogbo yín mọ̀ pé bí àgbàdo tuntun bá dé, ilé Akígbe ló ń se ògì àkọ́jẹ fún ààfin. Láyé baba baba mi ló ti bẹ̀rẹ̀. Ìkòkò kan ṣoṣo ni. Ọwọ́ gbogbo ìyàwó ilé ló gbọ́dọ̀ kàn án. Èyí á bu atalẹ̀ díẹ̀ sí i, èyí á ju kànáfùrù kan sí i, èyí á fi ìka mẹ́ta bu iyọ̀ sí i. Ìyàwó tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá kàn án, wọ́n á ní ó di Ọba sínú.

Ọkùnrin ńkọ́? Ọkùnrin kò gbọ́dọ̀ fi nǹkan kan sí i! Kò gbọ́dọ̀ ṣí i wò! Tirẹ̀ kò ju kó gbé e rù lọ sí ààfin. Èèwọ̀ ni. Ọkùnrin tó bá ṣí ìdérí ìkòkò yẹn, agogo ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Ẹ rántí èyí. Mo tún un sọ, ẹ rántí èyí!

Lọ́dún yìí, ìyàwó mi Sàlámọ́tù, ọmọ Ìlọrin, tó ń dín pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù lẹ́nu géètì sùkúù, mú èso kan jáde nínú àpótí rẹ̀. Kò ju ekùrọ́ ńlá kan lọ. Nọ́tímẹ́ẹ̀gì lorúkọ rẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé ló fi gírétà rin ín sílẹ̀ de ògì ọjọ́ kejì. Ìlàjì ẹyọ kan! Ìlàjì! Ìkòkò tí èèyàn mẹ́tàlá máa mu, ìlàjì ẹyọ kan ló fi sí i. Òórùn rẹ̀ gba gbogbo agboolé kan. Àwọn ọkọ jáde nínú yàrá, wọ́n ń béèrè ta ló ń se kí ni.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Ìyàwó mẹ́rìnlá ló wà nílé wa. Sàlámọ́tù ló kéré jù. Mi ò sọ pé ẹnikẹ́ni jowú. Mi ò sọ pé ẹnikẹ́ni lọ sí ọjà. Mo kàn sọ pé nọ́tímẹ́ẹ̀gì tán lọ́jà lọ́jọ́ Sátidé ni. Ìyá tó ń tà á, tí kì í ta mẹ́ta lóṣù, ó ta mọ́kànlélọ́gbọ̀n kí oòrùn tó wọ̀. Wọ́n ní àwọn wo ló rà á? Ó ní òun kò lè mọ̀ wọ́n, nítorí pé gbogbo wọn ló fi gèlè bo ojú. Ó ní ẹsẹ̀ ẹnìkan nínú wọn tóbi ju ti obìnrin lọ. Ìyẹn náà, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ ná.

Aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ Àìkú ni ògì délẹ̀ ní ààfin. Kábíyèsí mu abọ́ mẹ́ta. Wọ́n ní àwọn kò mu irú rẹ̀ rí. Lóòótọ́ ni, wọn kò mu irú rẹ̀ rí! Àwọn olóyè méjìlá mu méjì-méjì. Wọ́n ń ṣèpàdé lọ lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ omi tó bàjẹ́. Aago mẹ́wàá lù, kò sí nǹkan kan. Aago mọ́kànlá lù, kò sí nǹkan kan.

Ọ̀sán pọ́n. Ẹnu gbogbo wọn gbẹ! Ojú gbogbo wọn pọ́n! Àyà wọn ń lù kìkìkì, ẹni tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ń gbọ́ ọ! Olóyè Òsì ń bì. Balógun na ìka sókè, wọ́n ní òrùlé ààfin ń mí. Ọ̀tún rí ewúrẹ́ tó ń kọjá, wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja, wọ́n ní Kábíyèsí o, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́ gbogbo olóyè yòókù fún un. Ewúrẹ́ náà dúró, ó gbọ́ tán, ó jẹ ìwé ìpàdé. Kábíyèsí bọ́ bàtà ẹsẹ̀ wọn, wọ́n gbé e sórí ìtẹ́, àwọn fúnra wọn jókòó sílẹ̀, wọ́n ní kí bàtà má bẹ̀rù, kó sọ ohun tó ń dùn ún. Ẹ̀yìnlàárò, ajá ààfin, tó lá ìsàlẹ̀ abọ́, gbó ìrù ara rẹ̀ títí ohùn fi há a. Lẹ́yìn náà, gbogbo wọn sùn. Wọ́n sùn di ọ̀sán ọjọ́ Ajé.

Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Àmọ́ lọ́jọ́ yẹn, kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Àwọn olorì ń sunkún. Ọba tí àyà rẹ̀ ń lù bẹ́ẹ̀ lè wàjà. Ẹ̀rù bà mí débi pé mi ò lè gbé agogo.

Nọ́ọ̀sì Ọ̀pẹ́fèyítìmí, ti ilé ìwòsàn wa, ló gun ọ̀kadà dé. Ó di ọwọ́ wọn mú, ó ń ka bí ẹ̀jẹ̀ wọn ṣe ń lù. Ó fún wọn lómi. Ó jókòó tì wọ́n títí wọ́n fi jí. Ó wá sọ fún ìlú pé ohun kan wà nínú nọ́tímẹ́ẹ̀gì tó ń jẹ́ mírísítísìn. Kò sí ẹni tó dà á sí i, bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́run ṣe dá èso náà. Ó ní díẹ̀ rẹ̀ nínú oúnjẹ kì í ṣe èèyàn ní nǹkan kan, òun fúnra òun ń fi í sí ọbẹ̀. Àmọ́ tí ẹnìkan bá jẹ tó odidi ẹyọ kan tàbí méjì, ó ti di májèlé. Á gbẹ ẹnu, á lé àyà ní eré, á da orí rú, á sì pẹ́ kó tó kúrò lára. Ó ní kí aboyún yẹra fún un, kí wọ́n má sì fún ajá. Ó wá na ìka sí ìkòkò, ó ní ìlàjì ẹyọ kan kò lè ṣe irú èyí fún èèyàn mẹ́tàlá láéláé. Ọwọ́ púpọ̀ ló wọ ìkòkò yìí.

Ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n ni. Nínú gbogbo rẹ̀, orúkọ nìkan làwọn olóyè gbọ́. Ọ̀tún ní, ta ni Mírísítísìn? Ọmọ ta ni? Ìgbà wo ló wọ ìlú? Ṣé ó ti wá kí Ọba?

Ìpàdé dìde, òfin jáde. Ẹ gbọ́ òfin o! Ẹ gbọ́ òfin!

Òfin kìíní! Mírísítísìn, níbikíbi tó bá wà, gbọ́dọ̀ jáde ní Ìlápò kí ọjọ́ méje tó pé. Àlejò tó wọ ìlú tí kò kí Ọba, tó jẹ́ pé inú èso ló fara pamọ́ sí, olè ni! Wọ́n ti pè é lẹ́ẹ̀mẹta lójúde ààfin, kò jáde. Wọ́n kọ lẹ́tà sí i, wọ́n fi pín-ìn mọ́ ara nọ́tímẹ́ẹ̀gì kan, títí di òní kò fèsì. Ẹni tó bá gbà á sílé yóò fi ìgbálẹ̀ gbá ojúde ààfin fún oṣù kan. Ẹyọ ìgbálẹ̀ méje péré la ó fún un!

Òfin kejì! Gbogbo èròjà ọbẹ̀ ní ìlú yìí gbọ́dọ̀ wá forúkọ sílẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Kànáfùrù, kó wá! Ìyere, kó wá! Ẹ̀ẹ̀rù, kó wá! Atalẹ̀, áyù, táìmù, kọ́rì, kí wọ́n wá pẹ̀lú onídùúró wọn, kí oníkálukú sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Irú nìkan ni ààfin yọ̀ǹda. Wọ́n ní irú kò fi nǹkan kan pamọ́ fún ẹnikẹ́ni rí.

Òfin kẹta! Ewúrẹ́ tí Ọ̀tún dọ̀bálẹ̀ fún, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ kí i ní Kábíyèsí mọ́. Mo ń bá ẹ̀yin ọmọ Ìsàlẹ̀-Odò wí! Olówó rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ tà á, kò gbọ́dọ̀ pa á, títí Ọ̀tún á fi rántí gbogbo ohun tí wọ́n sọ fún un.

Òfin kẹrin! Gbogbo ìpinnu ọ̀sán ọjọ́ náà, ààfin ti fagi lé e. Odò kò ní í gba ojúde Balógun mọ́. Bàtà Kábíyèsí kì í ṣe Àrẹ̀mọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lọ kí bàtà kú oríire, ẹ padà lọ gba ẹyin adìyẹ yín.

Òfin karùn-ún! Èyí dára, Nọ́ọ̀sì ló bá wọn tún un ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ fi nọ́tímẹ́ẹ̀gì sí oúnjẹ, ìwọ̀n tí orí èékánná ìka kékeré lè gbé ni kó bù. Ẹnìkan péré ni yóò sì fi í sí ìkòkò, yóò sọ ọ́ jáde lẹ́nu kí gbogbo ìdáná gbọ́. Àṣejù, baba àṣetẹ́! Ẹni tó bá rú òfin yìí yóò mu ògì òyìnbó aláìníṣúgà... rárá. Ẹ má bínú. Yóò mu ògì àgbàdo aláìníṣúgà, aláìní àkàrà, lójú gbogbo ayé, fún ọjọ́ méje. Ìyà yìí kan náà ló wà fún ẹni tó bá ti fi í sí ti ọjọ́ Àìkú.

Ẹ gbọ́ o. Ẹ gbọ́ o.

Òfin kẹfà kù. Ní Òkè-Ọjà, mo fo òfin kẹfà. Ní Ìsàlẹ̀-Odò, mo fò ó. Wọ́n ní Akígbe, ẹ̀yin lẹ ní mẹ́fà ni, márùn-ún lẹ kà. Mo ní ikọ́ ló mú mi. Ibi tí mo dúró sí yìí, kò sí ibi tí mo tún lè fò ó lọ.

Òfin kẹfà. Sàlámọ́tù, ìyàwó Àkàngbé Akígbe, ni ààfin dá lẹ́bi, wọ́n ní òun nìkan ló fi gbogbo nọ́tímẹ́ẹ̀gì náà sí i. Wọ́n rán ẹmẹsẹ̀ ààfin méjì wá sílé wa láti wá gbóòórùn gbogbo ohun èlò ìdáná. Wọ́n gbóòórùn odó. Wọ́n gbóòórùn ọlọ. Wọ́n gbóòórùn gírétà mẹ́rìnlá. Mẹ́tàlá ń dán, wọ́n ti fi eérú fọ̀ wọ́n, wọ́n tún fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ wọ́n. Ọlọ ilé wa kò mọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbẹ́ ẹ! Ti Sàlámọ́tù nìkan ló ń ta sánsán, nítorí pé òun kò mọ̀ pé nǹkan kan wà láti fọ̀. Ìyàwó mẹ́tàlá búra pé iyọ̀ làwọn fi sí i. Iyọ̀! Ọwọ́ mẹ́tàlá, iyọ̀, Ọba sì mu abọ́ mẹ́ta láìbèèrè omi!

Bí oòrùn òní bá wọ̀ tí ọwọ́ mìíràn kò jáde, Sàlámọ́tù gbọ́dọ̀ kó ẹrù rẹ̀ padà sí Ìlọrin. Kò gbọ́dọ̀ dáná ní Ìlápò mọ́ láéláé. Bí ọwọ́ kan péré bá jáde, tó ní òun náà fi sí i, Sàlámọ́tù ti bọ́. Yóò padà sídìí ààrò rẹ̀ lónìí olónìí. Òfin kẹfà parí.

Ó ti di ẹrù rẹ̀. Ẹ wò ó lẹ́nu ọ̀nà, ó jókòó lé àpótí. Láàárọ̀ yìí ó ní, Bàbá Mùlíká, ìlàjì ni mo fi sí i, Ọlọ́run ń gbọ́. Mo ní mo mọ̀. Ó ní, báwo lẹ ṣe mọ̀? Mo ní mo gbà ẹ́ gbọ́ ni. Mo sì sá jáde lọ gbé agogo. Ojú tì mí, ẹ̀yin ará ìlú. Láti àárọ̀ ni ojú ti ń tì mí, ariwo ni mo fi ń bò ó.

Ẹ̀yin ìyálé wa, mo kí yín o. Ìyá Ṣubúọlá, àgbà gbogbo wọn, mo dọ̀bálẹ̀. Ògì aláìníṣúgà ọjọ́ méje kì í pa èèyàn. Ṣé ẹ kò ní nǹkan sọ? Mo dúró o.

Mo ṣì dúró.

Ó dáa. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran.

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ọjọ́ Sátidé, mo rí wọn tí wọ́n ń yọ́ lọ sọ́jà lọ́kọ̀ọ̀kan. Mi ò bá wọn wí. Gèlè Sàlámọ́tù ni mo wé, mo tẹ̀lé wọn. Ẹsẹ̀ ńlá tí ìyá ọlọ́jà rí, ẹ wò ó nílẹ̀ yìí, méjèèjì rèé! Mo ra mẹ́ta. Mo ní bí gbogbo wọn bá fi tiwọn sí i, òórùn ti ìyàwó mi á sọnù. Mo fẹ́ kí Ọba mu ògì yẹn kí wọ́n béèrè pé ta ló se é, kí ẹnìkan ní Sàlámọ́tù ni. Ọdún mẹ́jọ ló ti wà nílé yìí, wọn kò tíì fi orúkọ rẹ̀ yin oúnjẹ kan rí.

Lọ́jọ́ Àìkú, mo gbé ìkòkò dé ìdí igi odán, mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Mi ò ní gírétà. Mo dojú agogo sókè, mo ju nọ́tímẹ́ẹ̀gì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú rẹ̀, mo fi ọ̀pá agogo gún un títí ó fi kúnná. Mo wo iwájú, mo wo ẹ̀yìn. Mo ṣí ìdérí. Mo dà á sí i. Mo tún fi ọ̀pá agogo rò ó pọ̀!

Ẹmẹsẹ̀ gbóòórùn odó, wọ́n gbóòórùn ọlọ. Agogo wà lọ́rùn mi, wọ́n tiẹ̀ ní kí n kọjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí n má dí wọn lọ́wọ́. Kò sí ẹni tó gbóòórùn agogo. Èérún nọ́tímẹ́ẹ̀gì ló há sí i nínú, ìdí tó fi ń húkọ́ láti ọjọ́ yẹn nìyẹn.

Ọba ní kí ọwọ́ kan jáde. Ọwọ́ náà rèé! Ó ní irun lẹ́yìn, ọwọ́ ọkùnrin ni, mo mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Baba baba mi ló gba agogo yìí. Bàbá mi lù ú títí wọ́n fi kú. Èmi rèé, mo fi í gún èròjà ọbẹ̀. Mo gbé e kalẹ̀ báyìí. Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì, kó bẹ̀rẹ̀, kó ki imú bọ̀ ọ́.

Sàlámọ́tù, dìde lórí àpótí yẹn. Gbé e wọlé. Oòrùn kò tíì wọ̀.

Ọlápò ló rán mi, mi ò rán ara mi: bí mo ṣe máa ń parí rẹ̀ nìyẹn láti ọdún mọ́kàndínlógún. Lónìí, kò sí ẹni tó rán mi.

Ẹ gbọ́ o.